Ìdí tí Ọkọ̀-Ilé Ìgbafẹ́ fi ń Padà Sọ́jà láì Rìn Jìnnà ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ìdí ohun kan tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀, yóò rí irú ọkọ̀ kan tí ó tóbi bí ilé, tí ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà lè ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á, síbẹ̀ kí ó má tíì rìn ju ẹgbẹ̀rún máìlì mélòó kan lọ. Nígbà mìíràn, a kò tíì dáná kankan lórí ààrò rẹ̀. Ẹni tí ó ná owó tí ó tó owó ilé kékeré lórí nǹkan, kí ló dé tí ó fi tà á kí ó tó lò ó?

Ìdáhùn méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn ènìyàn lọ́kàn. Èkíní ni pé ọkọ̀ náà ní àrùn tí ẹni tí ń tà á kò fẹ́ sọ. Èkejì ni pé inákúnàá ni olówó rẹ̀. Lójú tiwa, òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò tán ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Èrò tí a ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ayé tí olùrà ń fojú inú wò ni ó ra ọkọ̀-ilé fún, ṣùgbọ́n ayé tí ó ń gbé gan-an ni yóò ti lò ó. Àti pé nítorí pé ọkọ̀ náà ń jẹ owó bí ó bá tilẹ̀ wà lórí ìdúró, títà á ni ó máa ń bọ́gbọ́n mu jù nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, yàtọ̀ sí ilé gbígbé, kò sí ohun tí wọ́n ń rà tí ó wọ́n tó o, owó tí wọ́n sì ti tọ́jú de ọjọ́ ogbó ni àwọn mìíràn fi ń rà á.

2.0 Kí ni Ọkọ̀-Ilé?

RV ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Oríṣìí méjì pàtàkì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú tí ilé sì wà lẹ́yìn. Èkejì ni èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì rárá, tí a ń fi ọkọ̀ mìíràn fà lẹ́yìn. Irú kejì yìí ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń tà lọ́dọọdún, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èkíní.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1931 ni Wally Byam dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, ọkọ̀ onírin dídán tí ó ń ṣe sì di ohun àmúyangàn. Ní 1958 ni ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Winnebago lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Forest City, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Indiana, pàápàá agbègbè Elkhart, ni ojúko iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ọkọ̀-ilé Amẹ́ríkà.

Bí a bá wo òǹkà àwọn tí ó ń jáde láti ilé-iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, a ó rí i pé òwò yìí ń ru, ó sì ń rọ̀. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, ọjà rẹ̀ kú. Ní 2009, lẹ́yìn tí ètò ìyáwó ilẹ̀ Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, gbogbo èyí tí ó jáde kò ju nǹkan bí 165,000 lọ, àìríṣẹ́ṣe sì gbilẹ̀ ní Elkhart. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú àti ilé ìtura, gbogbo ènìyàn ni ó sáré wá ọkọ̀-ilé. Ní 2021, iye tí ó jáde lé díẹ̀ ní 600,000, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2023, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 313,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ra tiwọn nígbà àrùn náà ni kò rin ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ilé ìtura tún ṣí tán, ìdí tí wọ́n fi rà á ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kò kúrò.

3.0 Ìgbà Ríra: Ohun tí Olùrà ń Rà

Ẹni tí ó wọ inú ọkọ̀-ilé ní ọgbà oníṣòwò kò rí ìrìn-àjò kankan níbẹ̀. Ohun tí ó rí ni àga tìmùtìmù, iná rírẹwà, fèrèsé ńlá, àti ibùsùn tí a tẹ́ dáradára. Ó jókòó, ó fojú inú rí òkè, odò àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n yí iná ká. Kò rí òjò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú títì, tàbí ihò tí yóò máa da ìgbẹ́ sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn oníṣòwò nìkan. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ti fi hàn pé bí a bá ń ro ọjọ́ iwájú, a máa ń ro kókó nǹkan ṣùgbọ́n a kì í ro iṣẹ́ kéékèèké tí ó yí i ká.

Ìwádìí kan tí Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier gbé jáde ní 2006 wúlò fún wa níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé eré-ìdárayá ni wọ́n ṣe é lé lórí. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ń san owó oṣù, tí ó lé ní dọ́là 70, kò lọ ju bí ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù. Bí a bá pín in, ó lé ní dọ́là 17 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè san dọ́là 10 péré lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ra ìwé àwọlé ìgbà mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ya dìndìnrìn. Irú ènìyàn tí wọ́n fẹ́ jẹ́ ni wọ́n sanwó fún. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ọkọ̀-ilé. Ẹni tí ó rà á ń ra ìdánilójú pé òun yóò di arìnrìn-àjò, pé ìdílé òun yóò wà papọ̀, pé ìfẹ̀yìntì òun kò ní jẹ́ ìjókòó sójú kan. Owó ni ó fi gba ìdánilójú náà, ṣùgbọ́n àkókò àti agbára ni yóò fi mú un ṣẹ.

4.0 Ìgbà Lílò: Iṣẹ́ tí ó Wà nínú Ìgbafẹ́

4.1 Ilé ni àbọ̀ simi oko. Bí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ nìyẹn, ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Ẹni tí ó lọ sí ìrìn-àjò tí ó sì sùn ní ilé ìtura fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ sílé. Ẹni tí ó fi ọkọ̀-ilé rin ìrìn-àjò gbé iṣẹ́ ilé dání. Ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kí ó fọ abọ́, kí ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní àyè tóóró. Yàtọ̀ sí èyí, àgbá mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà: ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti ìfọbọ́, ọ̀kan fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀pá rọ́bà mọ́ àgbá kẹta yìí, tí yóò sì dà á nù ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀-ilé ju bí àwọn ti rò ó lọ.

4.2 Wíwà á tún jẹ́ iṣẹ́ kan. Ọkọ̀ tí ó gùn ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ẹsẹ̀ bàtà kì í yí kọ́nà bí ọkọ̀ kékeré. Ẹ̀fúùfù ń tì í, kì í tètè dúró, epo tí ó sì ń mu pọ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì kí gálọ́ọ̀nù kan má gbé èyí tí ó tóbi ju máìlì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Bí tọkọtaya bá ra ọkọ̀ náà, tí ó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó láyà láti wà á, ìrẹ̀wẹ̀sì ẹnì kan náà tó láti dá ọkọ̀ dúró.

4.3 Ojú ọ̀nà àti ibi ìdúró pẹ̀lú ní ààlà tiwọn. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí ó wà nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni a ti ṣe kí irú ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn wọ̀nyí tó di púpọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ojú ọ̀nà Going-to-the-Sun ní ọgbà Glacier, ní ìpínlẹ̀ Montana, tí a ṣí ní 1933. Ní apá tí ó gun orí òkè nínú rẹ̀, a kò gba ọkọ̀ tí ó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ láyè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ra ọkọ̀ ńlá nítorí kí ó lè rí òkè wọnnì, òun gan-an ni kò ní lè gbé e débẹ̀.

4.4 Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àkókò kò sí. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1938, èyí tí ó ṣì wà títí di òní, kò fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí a ń sanwó fún. Àwọn tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ pín in fún àìsàn, ìgbéyàwó, òkú àti àbẹ̀wò sí àwọn òbí. Àwọn tí wọ́n ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ ń dúró de ìgbà ooru, ìgbà yìí gan-an ni gbogbo ènìyàn ń jáde. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba, a gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ohun tí a rà nítorí kí a lè jáde nígbà tí ó bá wù wá wá di ohun tí a kò lè lò láìjẹ́ pé a mọ ibi tí a ó wà ní ìdajì ọdún sí i. Abájọ tí ìwádìí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà ní 2021 fi fi hàn pé nǹkan bí ogún ọjọ́ ni ìdajì àwọn tí wọ́n ní i ń lò ó mọ lọ́dún. Ọjọ́ bí 345 yòókù, ìdúró ni ó wà.

5.0 Ìgbà Ìdúró: Ọkọ̀ tí kò Rìn ń Bàjẹ́

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni pé àìlo ọkọ̀-ilé kì í pa á mọ́. Òòrùn ń jẹ oje tí a fi dí ojú òrùlé rẹ̀. Bí ó bá ti là, omi òjò yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀ sínú igi tí ó wà láàárín ògiri, igi náà yóò sì jẹrà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Táyà ń gbó nítorí ọjọ́ orí, yálà ó rìn tàbí kò rìn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún sí méje, a ní láti pààrọ̀ rẹ̀ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dán bíi tuntun. Bátìrì ń kú. Epo tí ó pẹ́ nínú ẹ̀rọ amúnáwá ń di, ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà fi ń sọ pé kí a máa tan án lóṣooṣù. Eku ń kọ́ ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì ń gé wáyà jẹ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, a gbọ́dọ̀ gbá gbogbo omi kúrò nínú ọ̀pá rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tí ó bá di yóò fọ́ ọ̀pá náà.

Níbo ni a ó sì gbé e sí? Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ẹgbẹ́ onílé kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iwájú ilé. Olówó rẹ̀ yóò wá máa san owó ìdúró lóṣooṣù ní ibi tí ó jìnnà sí i. Bí ó bá fẹ́ jáde fún ọjọ́ méjì péré, yóò kọ́kọ́ lọ gbé e, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi omi sí i, yóò di ẹrù sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, yóò tún tú gbogbo rẹ̀. Ó ń rọrùn fún un láti sọ pé ó di oṣù tí ń bọ̀. Bí ó sì ti ń pẹ́ sí i láìlò ó ni ohun tí yóò tún ṣe kí ó tó lè lò ó ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

6.0 Ọ̀rọ̀ Owó

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ni a ń fi owó èlé rà, tí a ó sì máa san án fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí ogún pàápàá. Òfin owó-orí Amẹ́ríkà tún gbà kí a ka ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ilé kejì, kí a sì lè yọ èlé tí a san lórí rẹ̀ kúrò nínú owó tí a ó san orí lé, fún àwọn tí ó bá bá òfin náà mu. Èyí ń mú kí ó dà bí ẹni pé ilé ni ènìyàn ń rà. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ lè gbówó lé e. Ọkọ̀-ilé, wíwálẹ̀ ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan yá gbogbo dọ́là 60,000 tí ó fi ra ọkọ̀-ilé, ní èlé 8 nínú 100 lọ́dún, fún ọdún 15. Yóò máa san nǹkan bí dọ́là 573 lóṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì, yóò ti san nǹkan bí dọ́là 13,760, ṣùgbọ́n nítorí pé èlé ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò ṣì jẹ nǹkan bí dọ́là 55,500. Ká tún ní ọkọ̀ náà ti pàdánù 30 nínú 100 iye rẹ̀. Dọ́là 42,000 ni yóò tà á. Yóò sì tún fi dọ́là 13,500 láti àpò ara rẹ̀ lé e kí gbèsè tó tán. Àròpọ̀ owó tí ó lọ lé ní dọ́là 27,000. Bí ó bá sùn nínú rẹ̀ fún ogún òru lọ́dún, tí ó jẹ́ ogójì òru, òru kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́ ní ohun tí ó lé ní dọ́là 680, a kò sì tíì ka epo, adójútòfò, owó ìdúró àti àtúnṣe mọ́ ọn.

Ibi tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi ojú sí nìyí. Owó tí ó ti lọ ti lọ, ìpamọ́ kò lè dá a padà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, bíi Richard Thaler, ti ṣàlàyé bí ó ti ṣòro tó fún ẹ̀dá láti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń mú nǹkan dání nítorí pé wọ́n ti náwó lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó ta ọkọ̀-ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì lè jẹ́ ẹni tí ó tètè ro ìṣirò yìí. A lè sọ pé nígbà tí ó ń rà á ni ó ṣe àṣìṣe, kì í ṣe nígbà tí ó ń tà á.

7.0 Àyípadà nínú Ayé Olówó Ọkọ̀

Gbogbo ìdí tí a ti sọ yìí ni ènìyàn ìbá ti rí tẹ́lẹ̀ bí ó bá fara balẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí kò sí bí a ṣe lè rí wọn. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń dúró di ìgbà ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó rà á, ìgbà yìí kan náà sì ni àìsàn ń yọjú. Bí ojú awakọ̀ bá ṣe bàìbàì, tàbí orúnkún ìyàwó kò lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì yóò padà sọ́jà. Ní ti àwọn òbí tí wọ́n ṣì ń tọ́mọ, àwọn ọmọ ń dàgbà: èyí tí ó ń sáré tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sínú igbó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yóò yàn láti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò sí àlébù lára ọkọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ọjọ́ ni ó kọjá lórí wọn.

8.0 Ìbéèrè Olùrà Kejì

Ẹni tí ó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí nílẹ̀ wa mọ ìbéèrè tí ó máa ń dìde: bí ó bá dára, kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á? Ní 1970 ni George Akerlof fi ìbéèrè yìí kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó di ìlú-mọ̀ọ́ká, ó sì wà lára iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2001. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tí ń ta ọkọ̀ àlòkù mọ àrùn ara rẹ̀ ju ẹni tí ń rà á lọ. Nítorí pé olùrà kò lè dá rere mọ̀ yàtọ̀ sí búburú, yóò dín owó gbogbo wọn kù. Nítorí pé owó ti dín kù, àwọn tí wọ́n ní rere kò ní fẹ́ tà á mọ́.

Àlàyé yìí jẹ́ kí a mọ ìdí tí ọkọ̀-ilé tí kò tíì rìn fi ń pàdánù owó púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán ni ó ń ba olùrà. Ilé tí a gbé ka orí táyà, tí ó ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń rìn, kò lè ṣàì ní ibi tí yóò yẹ̀; ọdún kan péré ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì fi ń dúró fún un. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin tí ó ń gba olùra ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ọkọ̀ alárùn kò kan apá tí ó jẹ́ ilé nínú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan wà tí wọn kò rìn nítorí pé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ni wọ́n wà láti oṣù dé oṣù.

Ohun tí a rí dì mú ni pé òǹkà máìlì kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Ọkọ̀ alárùn àti ọkọ̀ opó, kíkéré ni òǹkà méjèèjì kéré. Ohun tí olùrà lè fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni ojú òrùlé àti igun ògiri, bóyá wọ́n rọ̀ tàbí wọ́n ń rùn bí ibi tí omi ti wọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà, èyí tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é, ìwé àtúnṣe, àti ìdí títà tí ó bá ìgbé-ayé ẹni tí ń tà á mu. Ẹni tí ó bá lè yẹ nǹkan wọ̀nyí wò dáradára lè jèrè àdánù ẹni àkọ́kọ́.

9.0 Àwọn tí Ọkọ̀-Ilé Wúlò Fún

Kò yẹ kí a fi ohun tí a ti sọ gbé e kalẹ̀ pé kò sí ẹni tí ọkọ̀-ilé ń ṣe láǹfààní. Àwọn kan ń gbé inú rẹ̀ ní gbogbo ọdún, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn ń gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn àgbàlagbà kan láti ìpínlẹ̀ àríwá ń fi í sá fún òtútù lọ sí Florida tàbí Arizona, wọ́n á sì dúró síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí ń tètè tà á, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Àgbẹ̀ Yorùbá tí ó ní ilé nílùú tí ó sì kọ́ ahéré sóko kì í fi ahéré náà sílẹ̀ lófo, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Ní ti ọkọ̀-ilé pẹ̀lú, ẹni tí ìgbé-ayé rẹ̀ ti ní ìrìn nínú tẹ́lẹ̀ ni ó ń lò ó. Ẹni tí ó rà á pé kí ó wá dá ìrìn sílẹ̀ nínú ayé òun, òun ni ó ń tà á.

10.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdí tí ọkọ̀-ilé fi ń padà sọ́jà láì rìn jìnnà kì í ṣe ẹyọ kan. Olùrà ń wo ìgbádùn, kò wo iṣẹ́. Àkókò ìsinmi kò tó. Ọ̀nà àti ibùdó kò gba ohun tí ó rà. Ọkọ̀ ń bàjẹ́ lórí ìdúró. Gbèsè kò dúró bí ọkọ̀ bá dúró. Àìsàn, ikú àti ìdàgbà ọmọ kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. A tún ti fi hàn pé ìfura olùrà kejì ni ó mú kí àdánù olùrà kìíní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń rò ó láti rà á ní ohun kan láti kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi irú ọkọ̀ yìí háyà ti wà láti bí àádọ́ta ọdún. Kí ó háyà ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ìgbà tí ó máa ń ráyè gan-an, kí ó wà á fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àgbá kẹta nù. Bí ó bá tún fẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, tí ó sì háyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọdún tó yípo, ó ti mọ̀ pé òun ní ìlò rẹ̀. Bí kò bá ráyè fún ẹ̀ẹ̀kejì, owó ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó fi mọ ohun tí àwọn mìíràn fi owó ìfẹ̀yìntì wọn mọ̀.